Ìkógòsì la fi ṣe ibùdó: bá a ṣe rìn kiri òkè fún ọjọ́ mẹ́ta

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí lọ́jọ́sí pé kí lèèyàn fẹ́ lọ ṣe lórí òkè ní Èkìtì fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, ṣé kéèyàn kàn jókòó sí yàrá kó máa tẹ fóònù ni. Mo ní ó tì o, ibi téèyàn á lọ pọ̀, ọjọ́ gan-an ni ò tó, ibi tí wàhálà wà ni pé téèyàn ò bá to ìrìn ẹ̀ dáadáa á kàn pa ara ẹ̀ lásán ni, bó ṣe ṣe àwa náà nìyẹn.

Àwa márùn-ún la lọ: èmi, ìyàwó mi, àbúrò mi ọkùnrin àtàwọn ọmọ méjì. Oṣù kẹwàá ni, òjò ò tíì lọ tán. Iléṣà la gbà, a já sí Ìta Awúre, ó di Aràmọ́kọ, a yà síbẹ̀ gba Erìjìyàn kó tó di pé a wọ Ìkógòsì. Ọ̀nà yẹn ń lọ wọ́kọwọ̀kọ láàárín òkè, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá yín níbẹ̀. Ilé kékeré kan la háyà, igi ló yí i ká, tó bá di ìdájí kùrukùru á ti bolẹ̀ débi pé mọ́tò tá a páàkì sẹ́nu ọ̀nà gan-an a ò ní rí i. Èmi tí mo fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló ń kó súwẹ́tà dání fún, èmi náà ni mo wọ̀ ọ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ tá a dé.

Sátidé la ti ṣàṣìṣe. Mo wo máàpù lórí fóònù, mo rí i pé Aríǹta, omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, ò jìnnà rárá sí wa, mo wá ní ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán ká sọdá síbi tí irú omi bẹ́ẹ̀ wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ́hùn-ún, ká fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì. Hmm. Aríǹta dùn o, inú igbó ni, ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ariwo omi kẹ́ ẹ tó rí i, òkúta lórí òkúta ni omi ń gbà wálẹ̀. Àwọn ọmọ bọ́ sódò, wọn ò fẹ́ jáde mọ́. A pè wọ́n títí, a halẹ̀ títí, nígbà tá a fi máa kúrò níbẹ̀ ọ̀sán ti pọ́n.

A dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ó ti lé ní aago mẹ́ta. Olúmirin ni wọ́n ń pe omi yẹn, ìpele méje ló ní, ìtàn ìlú sì sọ pé Akinlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà lóbìnrin, ló rí i lọ́dún 1140. Ìpele àkọ́kọ́ rọrùn, ọmọdé lè dé bẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni èrò máa ń kún sí, tó bá jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ẹ ò ní ríbi fi ẹsẹ̀ lé. Láti ibẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, gbòǹgbò igi lẹ máa dì mú, òkúta ń yọ̀ bíi ilá, sílípáàsì ni àbúrò mi sì wọ̀. Ká tó dé ìpele kẹta ó ti já. Ó bọ́ ọ sọ́wọ́, ó ní òun á fi ẹsẹ̀ lásán gùn ún, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa gòkè wo ojú ọ̀run, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀, òjò yìí ò ní pẹ́ dé." A sọ̀kalẹ̀. Òjò ò tiẹ̀ jẹ́ ká dé ìdí mọ́tò.

Sọ́ńdè, itan ń dun gbogbo wa, a ò lọ ibì kankan, ìsun omi Ìkógòsì la lọ. Ohun tó sì yẹ ká ti ṣe lẹ́yìn gígun òkè nìyẹn, nítorí omi gbígbóná yẹn gba ìrora kúrò lára. Omi gbígbóná ń ti apá kan wá, tútù ń ti apá kejì, wọ́n á pàdé, wọ́n á jọ máa ṣàn lọ, síbẹ̀ ẹ máa fẹsẹ̀ mọ èyí tó gbóná yàtọ̀ sí èyí tó tutù. Ọmọ mi obìnrin fi ẹsẹ̀ kan síbí, ìkan sọ́hùn-ún, ó ní, "Dádì, ẹsẹ̀ mi kan wà nínú báfù, ìkan wà nínú fíríìjì." Èyí tó gbóná yẹn, omi òjò tó rìn wọ ilẹ̀ lọ jìnnà láàárín òkúta tó sán ni, ibi tó gbóná nísàlẹ̀ ló dé kó tó padà jáde. Àmọ́ ìtàn táwọn ará ibẹ̀ ń sọ yàtọ̀, wọ́n ní ìyàwó méjì ọkọ kan ni wọ́n, ìyá onínú fùfù ló di omi gbígbóná. Ìyàwó mi yíjú sí mi, ó ní, "Dádì wọn, ṣé ẹ ń gbọ́?" Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan o.

Mọ́ńdè la padà sí Olúmirin. Aago méje a ti wà lọ́nà, kánfáàsì ni gbogbo wa wọ̀, omi mímu nìkan la gbé, káàṣì sì wà lápò torí nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ kò ṣeé gbára lé téèyàn bá fẹ́ sanwó. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ dúró sísàlẹ̀, èmi àti àbúrò mi gùn ún dókè. Ẹ gbọ́, èèyàn ò lè mọ̀ látìsàlẹ̀. Bí ariwo yẹn ṣe tó nísàlẹ̀, lókè omi náà kàn ń rọra ṣàn lórí àpáta ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, òkè lórí òkè lẹ máa máa rí. Ẹni tó mú wa lọ ní tá a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n Aláayè la máa yọ sí. Bíbọ̀ wálẹ̀ ló le jù, ìdí ni mo fi sọ̀kalẹ̀ níbì kan, mi ò ní parọ́.

A ò dé Ìdànrè. Àkàsọ̀ tó wà níbẹ̀ lé ní 600, mo sì ti kọ́gbọ́n, ọjọ́ tiẹ̀ ló máa dá ní, Àkúrẹ́ la sì máa sùn sí.

Ọmọ mi ti bu omi gbígbóná sínú ike, ó ní ti màmá àgbà ni. Ká tó dé Iléṣà ó ti tutù, ló bá bú sẹ́kún pé ẹ̀gbọ́n òun ló da omi tútù mọ́ ọn.