Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣètò síkìọ́ríìtì àdúgbò yín láì fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó ní April 2020, nígbà tí wọ́n ti gbogbo wa mọ́lé torí Kòrónà, ẹ máa rántí ohun tójú wa rí. Agége, Ìyànà Ìpájà, Ìjàyè títí dé Sángo Ọ̀tà, òru mọ́jú làwọn ọkùnrin fi ń jókòó síta tí wọ́n ń dáná sun táyà, àdá lọ́wọ́ ẹlòmíì, igi lọ́wọ́ ẹlòmíì, torí wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta tó ń jalè, Àwáwà àti One Million Boys, ń bọ̀. Ohun tó dùn mí jù nígbà yẹn ni pé ọ̀pọ̀ àdúgbò ò ní nọ́ńbà DPO, ìyẹn ọ̀gá téṣàn ọlọ́pàá wọn, lọ́wọ́, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa pè, wọn ò sì morúkọ àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé lójúlé kejì sí wọn, ọmọ tó bá ti kun irun tàbí tó ya tatú, ó ti di ọmọ Àwáwà lójú wọn nìyẹn. Mo ti ń bá CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, ṣiṣẹ́ ọjọ́ pẹ́, nǹkan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kẹ́ ẹ mọ ọlọ́pàá yín lórúkọ, kẹ́ ẹ sì mọ ọmọ yín lórúkọ, kí wàhálà tó dé.

Ìpàdé lẹ máa kọ́kọ́ pè, àmọ́ ẹ má fi ṣe ti láńdílọ́ọ̀dù nìkan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́, àwọn bàbá díẹ̀ á jókòó, wọ́n á dá owó géètì lé àwọn ayálégbé lórí, wọ́n á gba ọ̀dẹ kan, ó parí. Ẹ pe ayálégbé, ẹ pe Àlùfáà àti Pásítọ̀, ẹ pe alága àwọn oní-márúwá, ẹ pe fọkanáísà ìkóríta torí òun ló ń rí ẹni tó ń wọlé ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ pe ìyá tó ń dín àkàrà lálẹ́ torí ọmọ tówó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já lé lọ́wọ́, ojú ẹ̀ ló máa ń tó o. Kẹ́ ẹ wá pe àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn, kì í ṣe ọmọ alága tó wà ní yunifásítì o, àwọn tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lálaalẹ́ gan-an ni mò ń sọ.

Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, téṣàn ló kàn, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ja ẹnì kan lólè. Ẹ kọ lẹ́tà sórí ìwé CDA, ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ gbígbà sí tiyín kẹ́ ẹ mú un délé. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí DPO, ẹ béèrè àwọn PCRC tó wà ní téṣàn yẹn, ìgbìmọ̀ ará ìlú àti ọlọ́pàá ni, àwọn ló mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé síbẹ̀. Òfin ọlọ́pàá tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2020 ti fàyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọlọ́pàá àdúgbò, nítorí náà oore kọ́ lẹ̀ ń tọrọ. L'Ékòó, ẹ tún wá àwọn Neighbourhood Safety Corps tí òfin 2016 dá sílẹ̀, àwọn yẹn ò gbé ìbọn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣọ́ àdúgbò kí wọ́n sì ta ọlọ́pàá lólobó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn tàbí Àkúrẹ́ àtàwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá tó kù, Àmọ̀tẹ́kùn tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2020 lẹ máa bá. Ẹ lẹ nọ́ńbà pàjáwìrì 112 àti 767 ti Èkó mọ́ géètì, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń pè é: orúkọ ojúlé, bọ́ọ̀sítọ́ọ̀bù tó sún mọ́ ọn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn mélòó, ṣé ọ̀kadà ni wọ́n gbé wá àbí ẹsẹ̀. Ẹni tó kàn ń pariwo "ẹ gbà wá o" lórí fóònù, wọn ò lè ríbi tó wà.

Ọ̀dẹ tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kó mú onídùúró wá, kẹ́ ẹ mọlé tó ń sùn, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní téṣàn. Ẹ má jẹ́ kó gbé ìbọn tí ò ní ìwé. Géètì, ẹ tì í lásìkò tó bá wù yín àmọ́ kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ má sùn sílé, torí aláboyún tó ń rọbí ò lè dúró de akọ̀wé. Owó tẹ́ ẹ bá gbà, ẹ kà á síta lóṣooṣù.

Gbogbo èyí rọrùn, àwọn ọmọ gan-an niṣẹ́ wà. Tí wọ́n bá wá fọ́lé ní àdúgbò, lọ́pọ̀ ìgbà ọmọ inú ibẹ̀ ló júwe, bí ogiri ò bá lanu alángbá ò ráyè wọbẹ̀. Ọmọ yẹn kì í sì í dédé bẹ̀rẹ̀ o, ó ti ń jókòó láti bí ọdún méjì, owó WAEC ló kọ́kọ́ wọ́n, ó lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, ó gba fúrídọ̀mù, kò rówó ra ẹ̀rọ, ó wá ń sùn sí bọ́ńkì àwọn tó ń fagbó, ẹnì kan níbẹ̀ ra oúnjẹ fún un, ra dátà fún un, ìgbà tí wọ́n máa ní kó wá san án padà, wíwọ ẹgbẹ́ wọn ni. Nítorí náà ẹ káàkiri ojúlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló fi ilé ìwé sílẹ̀, ta ló kọ́ṣẹ́ tí ò nírinṣẹ́, ta ni ìyá ẹ̀ nìkan ń dá gbọ́ bùkátà ẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ìwé yìí kò gbọdọ̀ dé téṣàn láéláé. Ọwọ́ àgbàlagbà méjì tí gbogbo ayé fọkàn tán ni kó wà. Tí orúkọ ọmọ tó kàn jẹ́ aláìní bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ọjọ́ tí nǹkan bá sọnù, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá gbé.

Lẹ́yìn yẹn kẹ́ ẹ wá rí ìwọ̀nba ohun tí agbára yín ká. Owó ẹ̀rọ wẹ́dà, láńdílọ́ọ̀dù márùn-ún lè dá a jọ, kí ọmọ náà máa fi géètì àti bọ́gílárì àdúgbò san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó máa lọ bá a sọ̀rọ̀, kó má ṣe alága tó máa bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, ẹ wá ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó bọ̀wọ̀ fún, kó lọ bá a níbi tó jókòó sí, kó ní, "Àbúrò, mi ò wá bá ẹ jà. Ẹ̀rọ wo ló kù fún ẹ? Ta ni ọ̀gá tó kọ́ ẹ?" Kó jókòó kó gbọ́ ìdáhùn. Ẹlòmíì á bú u lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kó padà lọ.

Ẹ pe DPO wá bá àwọn ọ̀dọ́ ṣèpàdé, àmọ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kí àwọn tó bá wá má gbé ìbọn wọlé. Láti October 2020 tí wọ́n ti tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, ká, ẹ̀rù ọlọ́pàá ṣì ń ba ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ti bí wọ́n ṣe ń já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn láti yẹ̀ ẹ́ wò àti bí wọ́n ṣe ń kó wọn lójú títì, kí ọlọ́pàá tó sọ tiẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ DPO níṣojú wọn: tí wọ́n bá gbé ọmọ tí ò ṣe nǹkan kan, ta la máa pè?

Tọ́wọ́ bá wá tẹ ẹnì kan ńkọ́? Ẹ má nà án, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé táyà wá. Ní July 2017 nígbà tí ẹ̀rù Badoo, ẹgbẹ́ apààyàn kan, gba gbogbo Ìkòròdú, wọ́n lu apanilẹ́rìn-ín kan àtàwọn tó wà pẹ̀lú ẹ̀ pa, wọn kì í ṣe Badoo. Ní 2012, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin ni wọ́n pa báyẹn ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, nígbà tó di 2017 ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún èèyàn mẹ́ta lórí ẹ̀, ọlọ́pàá kan wà nínú wọn. Ẹ mú ẹni tẹ́ ẹ mú wọnú ọgbà kan, ẹ ti géètì mọ́ èrò, ẹ pe téṣàn, ẹ pe òbí ẹ̀. Tí ò bá tíì pé ọdún 18, ẹ má gbé fọ́tò ẹ̀ sórí Wáàsáàpù.

Kí ẹnì kan tẹ̀ lé e dé téṣàn. Láàárín ọjọ́ kan ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá wà nítòsí, Constitution ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Èkó, ti 2007, ò fàyè gba kí wọ́n ti ọmọ tí ò tíì pé 18 mọ́ àárín àgbàlagbà. Òfin ọlọ́pàá 2020 yẹn náà ò gbà kí wọ́n mú ìyá torí wọn ò rí ọmọ. Bẹ́èlì, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ́yà tí ò gbowó l'Ékòó, ẹ lọ sí Office of the Public Defender. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìbọn, ìfipábánilòpọ̀ tàbí ẹ̀mí èèyàn lọ, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ parí ẹ̀ nílé, bó ti wù kí bàbá ọmọ náà lówó tó.

Wọ́n máa ń gbé DPO kúrò ní téṣàn kan lọ sí òmíràn, láìsọ fẹ́nì kankan. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ pé tuntun ti dé, ẹ tún lẹ́tà náà kọ, kẹ́ ẹ mú méjì nínú àwọn ọmọ yẹn dání lọ kí i.