Bí mo ṣe mú iṣẹ́ àwòrán drone yára láìba máàpù jẹ́

Àwòrán 620 ni mo fi drone yà lórí oko kòkó kan lẹ́bàá Ilé-Olújìí. RAM 16GB ni kọ̀ǹpútà mi ní. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú WebODM, ètò kọ̀ǹpútà tó ń so àwòrán drone pọ̀ di máàpù, lálẹ́; nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, iṣẹ́ ti dá dúró. RAM ló tán. Mo tún un ṣe, ó tún dá dúró. Ó dùn mí gan-an, nítorí jẹnẹrétọ̀ ni mo ń tàn, epo sì wọ́n.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni split, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a lè yí nínú WebODM. Mo fi sí 200, kí ó máa ṣe àwọn àwòrán náà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Mo fi split-overlap sí 150, ìyẹn mítà 150 tí ọ̀wọ́ kan fi wọnú èkejì, kí ojú ìsopọ̀ lè dán. Mo rẹ pc-quality, ìyẹn bí àwọn ojúàmì 3D tó ń ṣe láti inú àwòrán ṣe máa pọ̀ tó, sílẹ̀ sí low, torí máàpù pẹrẹsẹ ni oníbàárà fẹ́, kì í ṣe gíga igi. N kò fọwọ́ kan feature-quality o: ibẹ̀ ni ó ti ń wá àmì tó bára mu láàárín àwòrán. Wákàtí 6 ó lé díẹ̀, ó parí.

Ṣé ó péye? Mo ti fi RTK, irú GPS tó péye dé sẹ̀ǹtímítà, wọn ipò àmì ilẹ̀ 8. Mo fún WebODM ní 5, n kò fún un ní 3 yòókù, kí n lè fi wọ́n yẹ máàpù wò. Nínú QGIS, ètò tí a fi ń wo máàpù, èyí tó yẹ̀ jù nínú àwọn 3 náà fi sẹ̀ǹtímítà 5 yẹ̀, píksẹ́lì kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 lórí ilẹ̀. Mo gbà á. Má gbára lé reprojection error nìkan, ìyẹn àṣìṣe tí WebODM fúnra rẹ̀ ń ṣírò nípa bí àwọn àmì ṣe bá ara wọn mu nínú àwòrán. Ó lè kéré, kí máàpù sì ti kúrò nípò rẹ̀.