Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọlọ́pàá mú yín nítorí gbèsè

Ní Kàbbà níbí, tí ìgbà kajú bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹjọ́ owó kì í tán ní tẹ́ṣàn. Ẹni tó gbowó sílẹ̀ láti fi ra kajú ò rí ọjà kó wá, olówó á kó ọlọ́pàá sẹ́yìn wá bá a nílé. Akọ̀wé Area Court, ìyẹn kóòtù ìbílẹ̀ tiwa níbí, ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Gààrí ni mò ń tà báyìí, àmọ́ ìdí gààrí náà ni wọ́n ti ń wá bi mí pé, "Màmá, kí ni ká ṣe?"

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbèsè lásán kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Kóòtù ló ni ẹjọ́ owó. Àmọ́ ẹ má torí èyí máa yan fanda o. Bí ẹ bá parọ́ gbowó, tí ẹ mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ò ní ra kajú kankan, jìbìtì nìyẹn, ọlọ́pàá sì lè wọ̀ ọ́. Olówó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń lọ sọ pé "ó lù mí ní jìbìtì" dípò "ó jẹ mí lówó."

Tí wọ́n bá dé, ẹ má bá wọn jà. Ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè ẹ̀sùn náà àti ẹni tó mú un wá. Ẹ jẹ́ kí ará ilé mọ tẹ́ṣàn tí wọ́n ń gbé yín lọ, torí wọ́n lè gbé èèyàn dé Lọ́kọ́jà kí ilé tó gbọ́. Wọn ò gbọdọ̀ mú ìyàwó tàbí àbúrò yín dípò yín.

Ní tẹ́ṣàn, abala 35 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíì tí ẹ bá yàn. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín fún yín, ní èdè tó yé yín. Ohun tí wọn ò bá kà sí yín létí, ẹ má buwọ́ lù ú. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìwé tí wọ́n máa ń ní kéèyàn kọ lálẹ́: "Èmi Lágbájá á san gbogbo owó náà ní ọ̀sẹ̀ méjì." Èèyàn fẹ́ lọ sùn nílé, á buwọ́ lu iye tí kò jẹ. Bí ẹ bá máa kọ ọ́, iye tí ẹ mọ̀ pé ẹ jẹ gan-an ni kí ẹ kọ.

Níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni òfin fún wọn láti gbé yín dé iwájú adájọ́. Kóòtù sì wà ní Kàbbà. (Olówó tó gbọ́n, ọjọ́ Ẹtì ló ń múni, torí kóòtù kì í sábà jókòó lópin ọ̀sẹ̀.) Ọ̀fẹ́ ni béèlì. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, ẹni tó ń gbowó rẹ̀ sì lè fẹ̀yìn ti ògiri náà.

Ẹ̀yin olówó, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Kí ẹ tó yọwó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye owó, iye àpò, iye tí àpò kan jẹ́, ọjọ́ tí ọjà máa dé, àti bí ẹ ṣe máa ṣe é bí kajú ò bá so. Kí ẹlẹ́rìí méjì buwọ́ lù ú. Ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì, kí ẹ sì kọ ohun tó wà fún síbẹ̀. Bó bá wọ́, ẹ lọ sí Area Court. Ẹ lè fẹnu ro ẹjọ́ yín fún akọ̀wé, òun á kọ ọ́. Adájọ́ lè ní kí onígbèsè máa san án díẹ̀díẹ̀, ó sàn ju kó sá lọ sí Èkó lọ.

Tí ẹ bá ń lọ sí kóòtù, ẹ mú orúkọ onígbèsè náà ní kíkún àti ibi tó ń gbé dání, torí ìwé ìpè gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. "Màmá Ṣadé tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí" ò ní ṣe é, wọ́n pọ̀ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.