Bí Mo Ṣe Yan Ẹnlájà fún Fíìmù Ńlá, Tí Mo sì Fi Fọ Fọ́tò

Fíìmù íǹṣì 4 sí 5 ni mo fi ya ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nínú aṣọ òfì, bébà íǹṣì 16 sí 20 ni mo sì fẹ́ fọ̀ ọ́ sí. Ẹnlájà, ẹ̀rọ tó ń fi iná sọ àwòrán inú fíìmù di ńlá sórí bébà, ni mo nílò. Fíìmù kékeré 35mm gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 17 kó tó kún bébà yẹn. Tèmi kò ju ìlọ́po 4 lọ. Ìdí nìyẹn tí òwú ara òfì fi máa ń hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ní London tí mo ń gbé, mo kọ́kọ́ wo ẹnlájà Omega D2 àlòkù. Ẹ̀rọ gidi ni, àmọ́ kọ̀ńdẹ́ńsà, ìyẹn dígí tó wú láàárín, ló ń kó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ, irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń tú àṣírí gbogbo ibi tí fíìmù ti ha. De Vere 504 ni mo mú. Inú àpótí funfun ni iná rẹ̀ ti ń fọ́n ká kó tó dé ara fíìmù, ọwọ́ tí a fi ń yí i sì wà níwájú, nísàlẹ̀, nítòsí bébà gan-an. Kí n tó sanwó, mo di òpó rẹ̀ mú, mo mì ín; kò mira. Lẹ́ǹsì 150mm ni mo rà sí i, nítorí ìmọ́lẹ̀ lẹ́ǹsì 50mm kò lè dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fíìmù yìí.

Títẹ́jú ló gba àkókò mi jù. Ibi tí fíìmù wà, ibi tí lẹ́ǹsì wà àti pátákó ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Mo gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì àwọn bíríkìlà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní gígùn àti ní ìbú. Bí ọ̀kan bá dagun díẹ̀ péré, ojú ẹni á mọ́ kedere, etí gèlè á rí bàìbàì.

Fíìmù tó fẹ̀ tó báyìí máa ń tẹ̀ láàárín bí iná bá mú un gbóná, nítorí náà mo fi há àárín dígí méjì. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán kọjú sókè. Dígí tí kò dán ni mo fi lé e, kí òrùka aláwọ̀ òṣùmàrè má baà yọ sára fọ́tò. Ojú mẹ́fà ni eruku lè bà lé, ti dígí àti ti fíìmù. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá gbogbo rẹ̀.

Mo ṣí lẹ́ǹsì tán pátá kí n tó mú àwòrán rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà mo dín ihò rẹ̀ kù dé f/16. Mo fi páálí bo bébà kékeré, mo ń sún un ní ìṣẹ́jú àáyá 5, 5, láti mọ iye tí iná máa gbà. Òfì kọ́kọ́ jáde láìtà; mo fi àwọ̀ májẹ́ńtà (pupa tó fẹ́ jọ àlùkò) kún ìmọ́lẹ̀, dúdú àti funfun rẹ̀ sì yà sọ́tọ̀.

Bébà fáíbà ni mo lò, ó sì máa ń dúdú díẹ̀ sí i tó bá gbẹ. Mo dín àkókò iná kù díẹ̀ sí èyí tó wù mí nígbà tí fọ́tò ṣì wà nínú omi.