Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Asáré Tete

Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ asáré tete láti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ táyà rẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé táyà nìkan ni ara ọkọ̀ tó kan ilẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè máa dán kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí gan-an, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi í sáré. Àárọ̀, nígbà tí táyà ṣì tutù, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀lé iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀.

Ẹ má ṣe sáré àsápajúdé kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra, nítorí náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ikùn ọkọ̀ náà sún mọ́ ilẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá dé ibi bọ́ǹpù, ẹ rọra gùn ún.