Bí ẹ ṣe máa fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kọ́ ọmọ praímárì nípa iná

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà wa l'Àkúrẹ́, tọ́mọ bá ti dé praímárì 4 sí 5 wọ́n á ti máa kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì pé irin ń gbé iná, rọ́bà kì í gbé e, ọmọ á há a sórí, á lọ kọ ọ́ nínú ìdánwò, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é. Kò gba owó púpọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ti tó.

Ẹ yà sí Ọjà Ọba lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná, ẹ ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá méjì àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kékeré méjì, àwọn onígíláàsì àtijọ́ yẹn ni mò ń sọ o, torí ohun tó wà nínú wọn hàn kedere. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, LED funfun, iná kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn, á ṣe é, àmọ́ bátìrì kan ò lè tan án, méjèèjì lẹ máa fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ tó gùn sì gbọ́dọ̀ wà lápá orí bátìrì, tẹ́ ẹ bá gbé e sódì kò ní tàn rárá, kì í ṣe pé ó ti kú. Wáyà ńkọ́? Tí sípíkà tó ti bàjẹ́ bá wà nílé, ẹ gé wáyà ara ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ni kẹ́ ẹ fi bíléèdì bó etí wáyà, ẹ má gbé bíléèdì fọ́mọ. Ẹ wá sẹ́lótéèpù kún un, ó tán.

Bátìrì tọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ máa lò o. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 1.5, méjèèjì pọ̀ jẹ́ 3, ìyẹn ò lè gbé ọmọ. Èyí tó wà lára ògiri ilé wa jẹ́ nǹkan bíi 230, ìyẹn ń pààyàn. Bátìrì fóònù, ti láńtánì tó ń gba ṣájì, ti ínfátà, ẹ má mú ọ̀kankan wá síbẹ̀, torí wọ́n lè gbiná tí wáyà bá kan wáyà.

Ó yá. Ẹ gbé bátìrì kan, gílóòbù kan àti wáyà kan fún ọmọ, kẹ́ ẹ ní kó jẹ́ kó tàn, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ má fi hàn án. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àgbà kì í ti í ní sùúrù, wọ́n á ti já a gbà lọ́wọ́ ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ máa fi wáyà kan orí bátìrì, wọ́n á fi etí kejì kan ìdí gílóòbù, wọ́n á máa wò ó pé kó tàn, kò sì ní tàn. Ẹ jẹ́ kó yí i síbí yí i sọ́hùn-ún fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé gílóòbù yẹn sókè kọjú sí ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ jọ wo inú ẹ̀: wáyà tín-ín-rín kan wà láàárín, irú irin kan tó ń jẹ́ tungsten ni wọ́n fi ṣe é, òun ló máa ń gbóná débi pé á máa tàn. Irin méjì ló gbé e dúró, ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ojú tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, èkejì lọ bá irin ẹ̀gbẹ́ tó yí gílóòbù ká. Ọ̀nà méjì. Iná á gba ọ̀kan wọlé, á gba èkejì jáde, á padà sídìí bátìrì, tí ibì kan bá já nínú ọ̀nà yẹn, gbogbo ẹ̀ ló dúró. Tọ́mọ bá ti rí ìyẹn pẹ̀lú ojú ẹ̀, á gbé ìdí gílóòbù lé orí bátìrì, á fi wáyà so ẹ̀gbẹ́ gílóòbù mọ́ ìdí bátìrì, á tàn. Ẹ wá fi bátìrì kejì kún un, kí orí ọ̀kan kan ìdí ìkejì, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù dì wọ́n, ìmọ́lẹ̀ á le sí i. Ẹ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi wáyà so orí mọ́ ìdí bátìrì láìsí gílóòbù láàárín, ó máa gbóná lọ́wọ́ ẹ̀.

Báyìí, ẹ gé wáyà yẹn láàárín, kẹ́ ẹ bó etí méjèèjì. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi etí méjèèjì kàn, tó bá gbé iná, gílóòbù á tàn. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi etí méjèèjì kan ara wọn ná kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Kí ọmọ kó nǹkan jọ: ìṣó, kọ́kọ́rọ́, ṣíbí irin, ṣíbí ike, rọ́bà ìdiwó, páálí, pákò gbígbẹ, fọ́ìlì, kọ́bọ̀ onírin tí ẹ bá ṣì ní, agolo mílíìkì, pẹ́ńsùlù, ewé kòkó tútù tẹ́ ẹ bá wà lápá Ìdànrè níbi tó pọ̀ sí. Kó tó dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kó kọ ọ́ sínú ìwé pé á tàn tàbí kò ní tàn. Ẹ má fo èyí o, torí ibi tó bá ti rò ó lọ́tọ̀ tó rí i lọ́tọ̀ ló ti máa béèrè ìdí.

Agolo mílíìkì máa ya á lẹ́nu. Irin ni, síbẹ̀ kò ní tàn, àfi tẹ́ ẹ bá fi ìṣó ha ọ̀dà ara ẹ̀ kúrò. Pẹ́ńsùlù náà, ẹ gbẹ́ ẹ lórí gbẹ́ ẹ nídìí, kí èyí tó kúrú jù lẹ máa lò, iná á kọjá nínú dúdú àárín ẹ̀, gílóòbù á tàn bàìbàì, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irin. Kọ́pà ló wà nínú wáyà ilé wa torí ó ń gbé iná dáadáa, àmọ́ alumíníọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń lò fún wáyà orí òpó, ó fúyẹ́, kò sì wọ́n tó kọ́pà.

Ẹ wá bu omi sínú ife ike, kẹ́ ẹ da iyọ̀ ṣíbí méjì sí i, kẹ́ ẹ ki etí wáyà méjèèjì bọ̀ ọ́ láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Gílóòbù ò ní tàn. Ọmọ á ní omi kì í gbé iná. Ẹ ní kó sún mọ́ ọn, kó wo wáyà tó ti ìdí bátìrì wá: á rí afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń yọ lára ẹ̀ tó ń gòkè nínú omi. Iná ń kọjá níbẹ̀, kò kàn tó láti tan gílóòbù ni. Irú omi iyọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Alessandro Volta, ará Ítálì, fi rẹ ohun tó tẹ́ sáàárín irin oríṣi méjì nígbà tó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní 1800. Kí wáyà má pẹ́ nínú omi o, kẹ́ ẹ sì dà á nù, kẹ́nikẹ́ni má mu ún.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ omi iyọ̀ yìí ni pé ọmọ á fi wáyà kan ìka ara ẹ̀, ẹ ò lè dá a dúró, gílóòbù ò ní tàn, á wá gbà pé ara èèyàn kì í gbé iná. Ẹ dúró sọ ọ́ fún un níbẹ̀ náà pé iyọ̀ àti omi ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti òógùn ẹ̀, pé fóltì 3 ò lágbára tó ni, ti ara ògiri á kọjá lára ẹ̀. Torí náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ tútù tan súwíìṣì, kò gbọ́dọ̀ ki nǹkan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ìjì òjò bá sì já wáyà òpó bọ́ sílẹ̀ ládùúgbò, kó jìnnà sí i, kó lọ pe àgbà, yálà iná wà tàbí kò sí. Igi náà ò ṣe é fi gbé wáyà yẹn o, gbígbẹ tàbí tútù, kó má sún mọ́ ọn rárá.

Tẹ́ ẹ bá ṣì láyè, ẹ so gílóòbù méjèèjì tẹ̀ léra lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, méjèèjì á ṣe bàìbàì, tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan, èkejì á kú. Ẹ wá fún kálukú ní wáyà tiẹ̀ lọ síbi bátìrì, méjèèjì á tàn dáadáa, ẹ yọ ọ̀kan, èkejì á ṣì máa tàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe tilé nìyẹn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè pa iná yàrá kí ti pálọ̀ má kú.

Tí kò bá tàn rárá, ẹ wo etí wáyà bóyá rọ́bà ṣì wà lára ẹ̀, ẹ wo bátìrì bóyá orí kọjú sórí, ẹ yí gílóòbù míì sí i. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ tú wáyà kúrò lára bátìrì, kẹ́ ẹ má sì kó bátìrì sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú ìṣó àti kọ́kọ́rọ́.