Bí Ará Àbújá Ṣe Lè Di Olólùfẹ́ Doctor Who

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo Doctor Who lónìí ní láti kọ́kọ́ gbà pé òun kò lè wo gbogbo rẹ̀ tán. Eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí bẹ̀rẹ̀ lórí BBC ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963, ó ṣe sáà 26 kí wọ́n tó dá a dúró ní 1989, wọ́n ṣe fíìmù kan ṣoṣo lé e lórí ní 1996, ó sì padà sórí afẹ́fẹ́ ní 2005. Yàtọ̀ sí pé ó pọ̀, àwọn apá kan wà nínú rẹ̀ tí owó kò lè rà, nítorí pé BBC fúnra rẹ̀ ló pa wọ́n rẹ́. Nítorí náà, ẹni tí mo kà sí ògbólógbòó olólùfẹ́ ni ẹni tó mọ èyí tó yẹ kó wò, tó sì mọ bí ó ṣe la ewu já kó tó dé ọ̀dọ̀ òun.

Ìpìlẹ̀ ìtàn náà kò le. Arìnrìn-àjò kan tí wọ́n ń pè ní Doctor ń rin inú àkókò àti òfuurufú nínú ọkọ̀ TARDIS, tó rí lóde bí àpótí aláwọ̀ búlúù tí àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò láyé ijọ́un, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ tóbi ju ìta rẹ̀ lọ. Bí ikú bá kan Doctor, ara rẹ̀ á yí padà, ìrísí àti ìwà rẹ̀ á sì di tuntun. Ọdún 1966 ni wọ́n ta ọgbọ́n yìí, nígbà tí ara William Hartnell, tó kọ́kọ́ ṣe Doctor, kò le mọ́, tí Patrick Troughton sì gba ipò rẹ̀. Eégún kan náà ni, ẹni tó ń gbé e ló ń yàtọ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n gbé jù ni ohun tí àwọn olólùfẹ́ máa ń bá ara wọn jiyàn lé lórí jù lọ. Àwọn àgbà sábà máa ń dárúkọ Tom Baker, tó ṣe é láti 1974 sí 1981, àwọn tó tẹ̀ lé wọn a sì máa fọwọ́ sọ àyà pé David Tennant ni. Ẹ yan tiyín, kí ẹ má sì bú ti ẹlòmíràn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2005, pẹ̀lú apá tí wọ́n ń pè ní “Rose”, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa eré náà rí. Bí ẹ bá sì ní ọ̀rẹ́ tó ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ fi “Blink” ti ọdún 2007 hàn án lálẹ́. Àwọn ère òkúta kan wà nínú rẹ̀ tí wọn kì í mira níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn bá tẹjú mọ́ wọn, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ti sún mọ́ ọn. Doctor kò fi bẹ́ẹ̀ yọjú níbẹ̀, síbẹ̀ n kò mọ apá mìíràn tó ń yí ọkàn oníyèméjì padà tó o.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ padà sí ti àtijọ́, níbi tí ìtàn kan ti sábà máa ń ní apá mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e jáde, ibi tí ewu bá ti gbóná ni wọ́n sì máa ń dá a dúró sí, nítorí náà ẹni tó bá wo apá mẹ́fà léra á rò pé wọ́n kàn ń fa ọ̀rọ̀ gùn ni. Ẹ wo méjì, kí ẹ pa á. Ètò yìí bá ìgbé ayé Kubwa tàbí Lugbe mu dáadáa, nítorí NEPA kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn: ẹ fi dátà òru, tó máa ń dínwó, gba apá méjèèjì sílẹ̀ sórí fóònù láti ibi tí wọ́n ti ń tà á lọ́nà òfin, kí iná tó lọ. Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ tẹ́tí sí ìró ọkọ̀ TARDIS nígbà tó bá ń gbéra. Kọ́kọ́rọ́ ilé ni Brian Hodgson, tó ń ṣe ìró fún eré náà, fi ha àwọn okùn irin inú dùùrù ògbólógbòó kan, tó fi rí ìró náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a wà ní òkè Ọya gan-an nìyí. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, téèpù fídíò wọ́n lówó, BBC kò sì rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún fẹ́ wo eré àná, ni wọ́n bá ń pa ọ̀pọ̀ rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún téèpù náà lò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dà á kọ sórí fíìmù 16mm, tí wọ́n ń tà fún àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní òkè òkun, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó rà á. Fíìmù kan lè ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, kí wọ́n tó dá a padà tàbí kí wọ́n bà á jẹ́. Àwọn mélòó kan kò padà, wọn kò sì bà jẹ́. Philip Morris, tó ń wá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kiri, dé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos, ó bá àwọn agolo fíìmù níbẹ̀, ó nu eruku kúrò lára bébà alálẹ̀mọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn, ó sì rí i tí wọ́n kọ Doctor Who sí i. Nígbà tí BBC kéde rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, apá mẹ́sàn-án tó ti sọnù ló padà, ti Troughton sì ni gbogbo wọn. “The Enemy of the World” pé pérépéré; “The Web of Fear” ku apá kẹta. Àpapọ̀ àwọn tó sọnù wá dín kù láti 106 sí 97 nígbà náà.

Nítorí náà, kí “The Enemy of the World” jẹ́ ìtàn àtijọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò. Troughton ṣe ènìyàn méjì nínú rẹ̀, Doctor àti Salamander, ìkà aláṣẹ kan tí ojú wọn jọra pátápátá, ọgbọ́n tó sì fi ya ìrìn àti ohùn àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ yẹ ní wíwò lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti àwọn apá tó sọnù, ohùn wọn ṣì wà, nítorí pé àwọn olólùfẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gbà á sílẹ̀ láti ara tẹlifíṣọ̀n ilé wọn nígbà náà. Ohùn kì í jẹ dátà tó àwòrán. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ Nyanya tó láti gbọ́ odindi ìtàn kan.

Èyí tó yẹ kí ẹ fi fa ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ yín wọlé ni “The Story & the Engine”, tó jáde ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Inua Ellams, akéwì tí wọ́n bí ní Jos, ló kọ ọ́. Èkó ni ìtàn náà ti wáyé, nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tí àwọn oníbàárà kò ti lè jáde: oníkálukú ń pa ìtàn bí wọ́n ṣe ń gé irun rẹ̀, irun náà ń hù padà, ìtàn sì ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ń jẹ. Ncuti Gatwa, tí wọ́n bí ní Rwanda, ni Doctor níbẹ̀.

Ẹ má ṣe dá a wò nígbà gbogbo. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí WhatsApp ti tó, bí wọ́n bá lè fi òpin ìtàn pamọ́ títí gbogbo yín yóò fi wò ó tán. Ẹ rántí pé aago Àbújá fi wákàtí kan ṣíwájú ti London láti ìparí oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kẹta, ọgbọọgba ni wọ́n ní àwọn oṣù yòókù, kí àsìkò tí wọ́n bá kéde lọ́hùn-ún má baà ṣì yín lọ́nà. Bí ẹ bá fẹ́ pàdé, ẹ lo ilé ẹni tó ní ínfátà, kí ẹ mú ìtàn alápá mẹ́rin, kí ẹ sì dá a dúró lẹ́yìn apá kejì, kí oníkálukú sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti wò ó rí, kó panu mọ́.